Owó ẹyọ tó wà lọ́rùn yín yẹn, ibo ló ti wá?

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn o. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná.

Fọ́tò kan ń káàkiri láti ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ọmọge kan jókòó, ara ẹ̀ ń dán, owó ẹyọ kún irun, ó kún ọrùn, ó kún ìbàdí. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Báyìí la ṣe rí kí òyìnbó tó dé." Ẹ wo kọ́mẹ́ǹtì: "Ojúlówó!" "Ẹ̀jẹ̀ ọba!" "Ohun tiwa-n-tiwa!"

Fọ́tò náà dáa. Mi ò bá ọmọge yẹn jà, mi ò sì bá ẹni tó ya fọ́tò jà. Gbólóhùn abẹ́ fọ́tò yẹn ni mo ń bá jà, torí èmi náà ti kọ irú ẹ̀ rí. Ọdún tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ni mo ṣe fídíò kan. Mo di owó ẹyọ mọ́ irun, mo na ọrùn sókè, mo ní owó àwọn bàbá wa rèé, èyí tí wọ́n ń ná kí aláwọ̀ funfun kankan tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí. Fídíò yẹn ló sọ mí di ẹni tí ẹ mọ̀. Ìdajì yín tibẹ̀ wá. Irọ́ ló wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á, àmọ́ irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún yín.

Karawun ìgbín inú òkun ni owó ẹyọ. Irú èyí tí àwọn ìyá ńlá wa ń ná kì í gbé inú òkun wa rárá. Lọ sí Bàdágìrì, máa lọ títí dé Kútọnu, dé Ouidah, dé Lomé, kí o máa tú iyanrìn wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, o ò ní bá ọ̀kan láàyè níbẹ̀. Òkun Íńdíà nilé ẹ̀. Àwọn erékùṣù kéékèèké kan wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ Íńdíà, tó ń jẹ́ Maldives. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ti wá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Arìnrìn-àjò ọmọ Mòrókò kan wà tó ń jẹ́ Ibn Battuta. Ó ṣe adájọ́ ní Maldives ní àwọn ọdún 1340. Ó kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀: wọ́n á ṣa ìgbín náà nínú òkun, wọ́n á kó o sí kòtò létí omi títí ẹran inú ẹ̀ á fi jẹrà tán, egungun funfun lá wá ṣẹ́ kù. Wọ́n ń fi í ra ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ará Bengal. Nígbà tí ọkùnrin kan náà yìí rìn dé ilẹ̀ Mali ní 1352 sí 1353, kí ló bá lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà? Karawun kan náà.

Mo ti rí ẹni tó ti ń tẹ̀ ẹ́ pé, "Ṣé o rí i! Ó ti wà kí òyìnbó tó dé!" Fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Théodore Monod, ọmọ Faransé kan, rí ẹrù ràkúnmí kan tí wọ́n rì mọ́ iyanrìn aṣálẹ̀ ní Mauritania, níbi tí wọ́n ń pè ní Ma'den Ijâfen. Ọ̀pá idẹ àti owó ẹyọ ló wà níbẹ̀, ó sì ti tó nǹkan bíi 900 ọdún tí wọ́n ti rì í. Torí náà owó ẹyọ ti ń gba aṣálẹ̀ wọlé tipẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó ni ràkúnmí lè rù? Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, ohun iyì ni, ohun ọ̀ṣọ́ ọlọ́lá. Ọkọ̀ ojú omi ló sọ ọ́ di owó tí ìyá ẹlẹ́kọ ń ṣẹ́ fún ọmọ tó wá ra ẹ̀kọ ní àárọ̀.

Àwọn Pọtogí ló kọ́kọ́ rí ọgbọ́n ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, wọ́n ti ń kó owó ẹyọ dé Benin. Àwọn ará Holland gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kó sí i. Ẹ wo ọ̀nà tó ń gbà: láti Maldives lọ sí Ceylon tàbí Bengal, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kó o sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó ń gbé aṣọ àti èròjà ọbẹ̀ lọ sílé, kó lè máa fi ìwúwo mú ọkọ̀ dúró. Tó bá dé Amsterdam tàbí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á tà á ní gbàǹjo. Ẹni tó rà á á rọ ọ́ sínú àgbá, á kó o sínú ọkọ̀ mìíràn, ó di etíkun wa.

Láàárín 1700 sí 1790 nìkan, ohun tí àwọn ará Holland àti Gẹ̀ẹ́sì kó wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ju tọ́ọ̀nù 11,000 lọ. Tí a bá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi bílíọ̀nù 10.

Kí ni wọ́n fi rà níbí? Ẹ ti mọ̀.

Èèyàn tí wọ́n kó kúrò ní etíkun yìí, láti ẹnu odò Volta títí dé apá Èkó àti Benin, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2. Wọn ò fi owó ẹyọ nìkan rà wọ́n o. Aṣọ wà níbẹ̀, ọtí wà, ìbọn wà, tábà wà. Ṣùgbọ́n ní etíkun tiwa yìí, owó ẹyọ wà lára ohun tí àwọn tó ń ta èèyàn ń béèrè jù. Ọkọ̀ tó gbé èèyàn lọ kì í kó owó ẹyọ padà sí Lọ́ńdọ̀nù kó lọ fi ra nǹkan. Kò níyì lọ́hùn-ún. Èèyàn ń jáde, karawun ń wọlé.

Torí náà, tí a bá so ó mọ́ irun tí a ní "kí òyìnbó tó dé", owó tí òyìnbó fi ra èèyàn la so mọ́ irun yẹn. Mo mọ̀ pé ó le. Ó le fún èmi náà.

Àwọn ará etíkun Benin Republic ní ìtàn kan tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní tí wọ́n bá fẹ́ pẹja owó ẹyọ, wọ́n á ju òkú ẹrú sínú òkun, owó ẹyọ á lẹ̀ mọ́ òkú náà láti jẹ ẹ́, wọ́n á wá fà á jáde, wọ́n á ṣa owó lára ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ nípa ìgbín á sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀, irú ìgbín yẹn ò sí lómi wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ju ẹni tó pa ìtàn yẹn lọ? Mo kà á lóru ọjọ́ kan, mi ò lè sùn. Mo dìde, mo tú gbogbo owó ẹyọ tó wà lára àwọn aṣọ mi.

Níbí ni iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn ti wọlé. Torí ẹ ti lè máa rò pé, ṣebí ìwé wà, àwọn òyìnbó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kí la tún ń walẹ̀ fún?

Ìwé wà lóòótọ́. Ta ló kọ ọ́? Ẹni tó ń rà ni. Ó kọ iye àgbá, iye èèyàn, iye tó kú lójú omi. Kò kọ ohun tó wà nínú yàrá ìyá kan ní ìlú kan tó jìn sí òkun. Kò dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí irú ìwalẹ̀ kan fi wà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 500 ọdún tó kọjá yìí ló dojú kọ, ìgbà tí ọkọ̀ so gbogbo ayé pọ̀. Àwọn tó ń ṣe é kì í wá wúrà. Ìkòkò fífọ́, egungun ẹran, ìdọ̀tí ààtàn, ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo tó já sílẹ̀ ní nǹkan bíi 1680 tí ẹnikẹ́ni ò wá, ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ti Ẹdẹ-Ilé, ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran walẹ̀ níbẹ̀. Ìlú tí àwọn ará Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó sínú igbó ni, nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ ń gbòòrò lọ sápá òkun. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé Ọ̀yọ́ ni? Igi osè wà níbẹ̀. Igi ọ̀dàn ni osè, kì í déédéé hù nínú igbó, ẹni tó wá láti ọ̀dàn ló ń gbìn ín. Wọ́n rí egungun ẹṣin. Wọ́n rí owó ẹyọ. Wọ́n rí ìkòkò tábà tí wọ́n fi amọ̀ mọ.

Tábà! Ewé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tábà. Ẹ rò ó wò: ẹnì kan jókòó sí Ẹdẹ-Ilé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fa ewé tó ti òdìkejì òkun wá, owó tó wà lápò ẹ̀ ti Òkun Íńdíà wá, òun fúnra ẹ̀ ò rí òkun rí láyé ẹ̀. Ta ló wá sọ fún yín pé ìgbà tí fóònù dé ni ayé di ọ̀kan?

Tí ẹ bá rò pé àwàdà ni mò ń ṣe nípa ẹṣin àti tábà, ẹ rántí Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821. Ó kọ ọ́ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà pé wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún tà á fún tábà àti ọtí. Àwọn nǹkan tí wọ́n ń hú jáde nínú ilẹ̀ yẹn, wọ́n ti fi díwọ̀n ọmọ èèyàn rí.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀, torí mo fẹ́ràn èyí. Nínú ilẹ̀ Ifẹ̀ àti káàkiri ilẹ̀ wa, wọ́n máa ń rí àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n yí ṣùkù àgbàdo lára ẹ̀ nígbà tí amọ̀ ṣì tútù, kó lè ní bátànì. Àmì gidi nìyẹn fún awalẹ̀pìtàn, torí Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Ibi tí ojú ṣùkù bá ti hàn lára ìkòkò, wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ ti ń kọjá lójú òkun nígbà yẹn. Àgbàdo ò dá wá, ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí bá a wá, àti ata. Bẹ́ẹ̀ ni, ata rodo. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ata pe ara yín ní ojúlówó, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kúrò nílé, ká tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n kó lọ.

Ní 1991, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ kọ́ ilé ọ́fíìsì gogoro kan ní New York, nínú ìgboro Manhattan, kò jìnnà sí Wall Street. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n kan egungun. Itẹ́ òkú àwọn aláwọ̀ dúdú ni, ẹrú àti ẹni òmìnira, tí wọ́n ń sin òkú sí láti àwọn ọdún 1690 títí dé àwọn ọdún 1790. Wọ́n fojú bù ú pé èèyàn tó wà níbẹ̀ lè tó 15,000. 419 ni wọ́n hú jáde.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà obìnrin. Wọ́n ti rẹ́ eyín ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ nílẹ̀ Áfíríkà. Ìdí ẹ̀ ni wọ́n ti rí ìlẹ̀kẹ̀ tó ju 100 lọ, tí owó ẹyọ wà láàárín wọn.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi. Ní New York. Mi ò sọ pé ọmọ Yorùbá ni o, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń ta ọjà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn èèyàn ẹ̀, wọ́n gba orúkọ ẹ̀, kò sì bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó sin ín náà ò bọ́ ọ. Kò sí ìwé oníṣòwò kankan tó kọ ìyẹn sílẹ̀. Ilẹ̀ ló bá wa pa á mọ́.

Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú yẹn gbọ́ pé katapílà wà lórí òkú àwọn bàbá ńlá wọn, wọ́n dìde. Wọ́n ṣe ìwọ́de, wọ́n kọ̀wé, wọ́n dúró sójú títì títí iṣẹ́ fi dúró ní 1992. Ní 2003, wọ́n dá gbogbo 419 padà sínú ilẹ̀, nínú pósí tí wọ́n gbẹ́ ní Ghana. Ibi ìrántí tí ìjọba ń tọ́jú ni ibẹ̀ lónìí.

Ti Bùràsíìlì náà rèé. Èbúté kan wà ní Rio de Janeiro tó ń jẹ́ Valongo. Láti 1811 ni wọ́n ti ń já ẹrú síbẹ̀. Àwọn tó wọ Rio gba apá ibẹ̀ tó nǹkan bíi 900,000. Ní 1843, ìyàwó ọba fẹ́ dé láti Yúróòpù, wọ́n wá da òkúta tuntun lé èbúté náà lórí kí ẹsẹ̀ olorì má baà tẹ ibi ìtìjú, wọ́n sì fi orúkọ olorì pe ibẹ̀. Ó di 2011, nígbà tí wọ́n ń tún èbúté ṣe nítorí eré Òlíńpíìkì, kí wọ́n tó walẹ̀ kàn án. Òkúta olorì lókè, òkúta ẹrú nísàlẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀, ìkòkò tábà àti owó ẹyọ ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Ní 2017, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé.

Ẹ sì wo nǹkan ìyanu. Karawun tí wọ́n fi ra wọn yìí kan náà ni wọ́n gbà padà, tí wọ́n fi ń bá òrìṣà sọ̀rọ̀. Ẹẹ́rìndínlógún wà ní Kúbà di òní, dilogún ni wọ́n ń pè é. Ó wà ní Bùràsíìlì. Owó ẹni tó rà wọ́n ni wọ́n sọ di ẹnu òrìṣà. Ẹwà tó wà nínú ìyẹn ju ẹwà "kí òyìnbó tó dé" lọ, nítorí pé òótọ́ ni.

Mo fẹ́ dojú kọ ẹ̀yin tí ẹ wà lápá kejì báyìí. Mo mọ̀ yín. Ẹ máa ń wá sábẹ́ gbogbo pósítì mi láti béèrè pé, "Kí ni aláwọ̀ dúdú ṣe nínú ayé òde òní? Ṣé àwa la ṣe fóònù ni?"

Ìdáhùn yín wà nílẹ̀, ẹ walẹ̀. Ta ló gé ìrèké tí ṣúgà Yúróòpù fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ta ló ká òwú tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Manchester fi di ọlọ́rọ̀? Ní 2020, Lloyd's ti Lọ́ńdọ̀nù tọrọ àforíjì ní gbangba fún ipa tó kó nínú òwò ẹrú. Iṣẹ́ ìdójútòfò ọkọ̀ ojú omi ló sọ ọ́ di ńlá. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú, epo pupa tiwa ló tún ń gbà, ó fi ń ṣe ọṣẹ, ó fi ń ṣe àbẹ́là, ó ń fi pa ẹ̀rọ lára kó má baà ta. Ẹ̀rọ tí ẹ ń kí wọn fún, epo wa ló wà lára ẹ̀.

Kí ni wọ́n fi ra epo? Owó ẹyọ ni, lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti àárín àwọn ọdún 1840, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg rí i pé owó ẹyọ mìíràn wà ní apá Zanzibar, ó tóbi díẹ̀, ó pọ̀ yanturu, kò wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó o dà sí Ouidah àti Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ìjọba bá ń tẹ náírà láìdúró, ẹ ti mọ ìparí ìtàn yẹn. Ohun tí èèyàn lè rà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú owó ọwọ́ kan, ó di pé kó ru ọ̀kẹ́ lọ sọ́jà.

Ọ̀kẹ́ yẹn gan-an, ẹ ṣé ẹ mọ ìtumọ̀ ẹ̀? Ogójì owó ẹyọ lórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ kan nìyẹn, 20,000. Àpò ni ọ̀kẹ́. Tí tíṣà bá ní kí ẹ ka ọ̀kẹ́ ní kíláàsì, àpò owó ẹyọ ni ẹ ń kà.

Lẹ́yìn náà ni Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀, ó kó sílè àti kọ́bọ̀ dé, ó fòfin de kíkó owó ẹyọ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Àwọn tó ń ná máníílà ní apá ìlà oòrùn rí pàṣípààrọ̀ gbà ní 1948 nígbà tí ìjọba rà á padà. Owó ẹyọ ò rí irú ẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kó ọ̀kẹ́ mẹ́ta jọ sínú ìkòkò, tó rì í mọ́ ilẹ̀ yàrá, ó jí lọ́jọ́ kan, karawun ló kù.

Ìkòkò yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìdí tí mo fi kọ gbogbo eléyìí nìyẹn.

Owó ẹyọ tí mo so mọ́ irun nínú fídíò mi, n kò rà á lọ́jà. Àǹtí mi ń kọ́lé ní ìlú ìyá mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ihò ṣàláńgá, wọ́n kan ìkòkò. Wọ́n rò pé wúrà ni, wọ́n fi ṣọ́bìrì fọ́ ọ. Owó ẹyọ ló tú jáde, pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n gbá sínú kòtò padà. Wọ́n pín in. Àǹtí mi gba tiẹ̀, ó bu díẹ̀ fún mi, ó ní, "Ìwọ tó o fẹ́ràn nǹkan àtijọ́." Inú mi dùn débi pé mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo fi han ọ̀rẹ́ mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ìwalẹ̀pìtàn ní yunifásítì. Ó yí wọn síwá sẹ́yìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ti fọ́ ẹ̀yìn wọn kí okùn lè gba ibẹ̀ kọjá, owó tí wọ́n ná gidi ni. Nínú àwọn tí ẹ̀yìn wọn ṣì wà, ó fi ojú òrùka kan tó ti ṣá hàn mí. Ó ní, "Eléyìí tóbi. Ó jọ ti Zanzibar. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àárín àwọn ọdún 1800 ló dé síbí."

Kí òyìnbó tó dé, àbí? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkọ̀ ará Hamburg ló gbé e dé.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Báwo ni ìkòkò náà ṣe jìn tó nínú ilẹ̀? Irú ìkòkò wo ni? Ṣé ojú ṣùkù àgbàdo wà lára ẹ̀? Ṣé abẹ́ ilẹ̀ yàrá ni àbí ààtàn? Kí ni àwọn "nǹkan mìíràn" yẹn? Ṣé okùn 40 ṣì wà bí wọ́n ṣe sín in, àbí ó ti tú? Ta ló ń gbé ibẹ̀? Mi ò ní ìdáhùn ẹyọ kan. Ihò ṣàláńgá ti wà níbẹ̀, wọ́n ti da kọnkéré lé e. Ohun tí ẹnì kan pa mọ́ fún nǹkan bí 150 ọdún, ọ̀sán ọjọ́ kan la fi sọ ọ́ di ohun ọ̀ṣọ́ irun.

Ẹ ò ní mọ iye ìgbà tí ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ wo gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ ní ìlú àtijọ́ wa, gbogbo títì tí katapílà ń là. A máa ń bínú, ó sì yẹ ká bínú, nípa idẹ Benin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi náà ti ṣe fídíò lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ará New York dúró níwájú katapílà. Àwa ń dúró tì í kó lè hú u jáde, ká lè mọ èyí tó ṣeé tà níbẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé ebi ló ń pa àwọn òṣìṣẹ́. Mo mọ̀. Kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ni mò ń bá wí. Ọmọ yunifásítì ni mí, fóònù wà lọ́wọ́ mi, kámẹ́rà wà lára ẹ̀, mi ò ya fọ́tò kòtò yẹn kan ṣoṣo. Ara mi ni mo yà.

Òfin wà o. Ẹni tó bá kan irú nǹkan báyìí nínú ilẹ̀ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé létí. Ṣé wọ́n á yára dáhùn? Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, tàbí tí wọn ò bá dé: ẹ dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ kan. Ẹ ya fọ́tò kòtò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ gbé rúlà tàbí ṣọ́bìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe jìn tó. Ẹ kọ déètì. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, wọ́n á wá, ara wọn ti wà lọ́nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta owó ẹyọ lórí Instagram, tí ẹ ń kọ "ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, ojúlówó ni" sí i kó lè wọ́n, ojú yín ni mò ń wò báyìí. Ilẹ̀ ta ni? Kòtò wo? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀ṣọ́, karawun tuntun wà lọ́jà, kò wọ́n, kò sí ẹni tó rì í mọ́lẹ̀.

Ẹ máa wọ owó ẹyọ. Mi ò ní kí ẹ má wọ̀ ọ́. Tiwa ni, a ti fi ẹ̀jẹ̀ ra á. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀, ẹ kọ Maldives síbẹ̀, ẹ kọ Amsterdam, ẹ kọ Ouidah. Ẹ kọ ọ́ pé àwọn kan nínú àwọn bàbá wa ni wọ́n tà, àwọn kan ló tà wọ́n, àwọn kan ló sì jókòó tì wọ́n tó ń ka owó náà ní ogójì ogójì. Ọba Hueda ní Savi, nítòsí Ouidah, kì í jẹ́ kí àwọn oníṣòwò òyìnbó kọ́ odi sínú ìlú òun. Ẹ̀gbẹ́ ààfin ló ní kí wọ́n kọ́lé sí, kó lè máa rí wọn. Kenneth Kelly walẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, ibi tí ààfin àti ilé òyìnbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra ṣì wà nínú ilẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ òyìnbó báyẹn kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n tàn. Oníṣòwò ni. Dahomey wá, ó sì fọ́ ìlú náà ní 1727, òwò náà ò dúró.

Mo mọ̀ pé fọ́tò ò ní rí láíkì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá kọ gbogbo ìyẹn sí i.

Fídíò àtijọ́ mi ṣì wà lójú ewé mi. Àwọn kan ní kí n pa á rẹ́, mo kọ̀. Mo kọ ọ́ sí òkè kọ́mẹ́ǹtì ibẹ̀ pé irọ́ ni mo sọ, mo sì so ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ọn. Mo ti pe àǹtí mi pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ apá kejì ilẹ̀ náà kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó dé lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní ṣé orí mi pé. Mo ní ó pé, mà.

Owó ẹyọ náà wà nínú agolo mílíìkì lórí tábìlì mi. Mo kà á lánàá. 63 ni. Okùn kan, ó wá ku 17 kó pé okùn kejì.